Ojú Tí Mo Bá Yín Fi Pamọ́

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mo ń wà. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kó àwọn ọmọ láti Kétu àti Ìkòsì lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, tí mo sì ń dá wọn padà sílé lọ́sàn-án. Ẹ ò mọ̀ pé mo di awakọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ẹ lọ, nọ́ọ̀sì ni ẹ sì máa ń pè mí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín. Nọ́ọ̀sì ò ṣeé ṣe, Dádì. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn. Bóyá ara yín ni mo ti mú un, bí mo ṣe mú ojú yín náà.

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ máa ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá ládùúgbò wa ní Kétu, ẹni tí ẹ mọ̀ àti ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ máa juwọ́, ẹ máa bèèrè ilé, ẹ tiẹ̀ máa ń bèèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì bímọ. Àwọn èèyàn ní ẹ lọ́yàyà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn, pé ẹ kàn ń kí gbogbo wọn ni kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ rí òun, ẹ mójú kúrò. Ìrìn lẹ fi ń dá wa mọ̀, àti ohùn. Bí ẹ bá fẹ́ ka nǹkan tó wà lókèèrè, ẹ máa di ìkúùkù, ẹ máa gbé e sójú kan, ẹ máa wo ihò bíńtín tó wà láàárín àwọn ìka yín. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, mo rò pé eré ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni dókítà ojú sọ fún mi pé ihò kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú tó ń rí bàìbàì ríran díẹ̀ sí i. Ta ló kọ́ yín? Àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣàwárí ẹ̀?

Ẹ ò gbà kí wọ́n yẹ ojú yín wò. Ẹ ní ọ̀gá tó ni lọ́rì ò lè fi ẹrù tómátì láti Òkè Ọya sọ́wọ́ awakọ̀ tó ń lo awò, pé lọ́jọ́ tó bá rí awò lójú yín ni ẹ máa fẹsẹ̀ rìn wálé láti Mile 12. Mo gbà yín gbọ́. Mo sì bá yín fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí títí di oṣù tó kọjá, mi ò sọ ọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni. Ó ku díẹ̀ kí láísẹ́ǹsì yín kú, wọ́n sì ní gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ wá ka lẹ́tà tó wà lára pátákó tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò. Ẹ mú mi dání lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ dúró níta.

Ẹ ní, "Wọlé bí ẹni tó ń wá ilé ìtọ̀. Pátákó funfun kan wà lára ògiri. Kọ gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ wá fún mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fo ọ̀kankan."

Mo wọlé, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko lẹ fi jókòó tì mí ní bàrándà, mò ń kà á, ẹ ń tẹ̀ lé mi bí ọmọ tó ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Bí ẹ bá ṣì í, màá fi rúlà gbá yín lápá, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ yege. Ẹ ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi, ẹ sì ní, "Àárín èmi àtìwọ ni o." Inú mi dùn, Dádì. Mi ò tíì ní àṣírí pẹ̀lú àgbàlagbà rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún mọ bí ojú yín ṣe burú tó, ìyẹn Mọ́mì Ìkòsì, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó pọ̀n yín dàgbà. Wọ́n wá sílé wa ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ti rí yín ní Mile 12 lọ́jọ́ tó ṣáájú, níbi tí ẹ ti ń fi ẹ̀yìn rin lọ́rì, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ alábàárù kan mọ́ ògiri. Èmi wà lábẹ́ tábìlì, mò ń wá bàtà mi.

Wọ́n pariwo mọ́ yín. "Sàmù, ọkọ̀ yìí máa pa ẹ́. Mo ń sọ fún ẹ o! Bí o ò bá fi í sílẹ̀, ọkọ̀ yìí máa pa ẹ́ ni."

Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Ẹ ò fẹ́ kí Mọ́mì wa gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni Mọ́mì wà, apá ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti ní ọkọ̀ máa pa yín nìkan ni wọ́n sì gbọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹ fi rọ́ lu tírélà ní ọ̀nà Ìbàdàn. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Tírélà náà ti bà jẹ́ síbẹ̀ láti àárọ̀, kò tan iná, wọn ò to ewé sẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá ì bá rọ́ lù ú. Mo ti sọ ìyẹn fún ara mi títí ó fi sú mi. Àmọ́ Àláájì tó ni tómátì, ẹni tó jókòó tì yín, kò kú. Ó wá sílé wa pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, ó jókòó sórí àga yín, ó sì sunkún.

Ó ní, "Mo rí i láti ọ̀nà jíjìn. Mo pariwo pé, 'Tírélà! Tírélà rèé!' Ó ní, 'Níbo?' Kò tẹ bíréèkì rárá. 'Níbo?' ló sọ, a sì ti bá a."

Àwọn aládùúrà tí Mọ́mì ń bá jọ́sìn ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ẹbí ti fi nǹkan bo ojú yín kí ẹ tó jáde nílé. Mọ́mì ò bèèrè ẹni náà. Wọ́n ti mọ ẹni tó ní ọkọ̀ máa pa ọkọ wọn.

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú yín? Mọ́mì Ìkòsì dé sí ẹnu géètì itẹ́ òkú pẹ̀lú ìró dúdú àti bàtà tí kò dọ́gba. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tì wọ́n padà. Ẹnì kan pè wọ́n ní àjẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́ pé ojú yín ni kò ríran tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, "Àbúrò mi ni. Ẹ jẹ́ kí n rí àbúrò mi." Mo dúró pẹ̀lú gáànù funfun mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, Mọ́mì Ìkòsì sì wo ojú mi. Wọn ò mọ̀ pé mo lè gbà wọ́n sílẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ní ojú yín ò ríran tẹ́lẹ̀, Mọ́mì máa bi mí bí ẹ ṣe wá rí láísẹ́ǹsì gbà, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé èmi ni mo pa yín. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n yín àti Mọ́mì ò kí ara wọn mọ́. Ọdún méjìlélógún, Dádì. Láti Kétu sí Ìkòsì, kò tó ibi téèyàn ń wọkọ̀ dé.

Èmi ni ojú wá dé bá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí mi ò rí pátákó ìkọ̀wé mọ́. Dókítà ojú, obìnrin ọ̀dọ́ kan tí kì í kánjú, fi àwòrán hàn mí. Ó ní ẹyin ojú mi gùn sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni ohun tó wà nítòsí nìkan fi ń hàn sí mi kedere. Ó ní kò tán síbẹ̀. Iwájú ojú ẹlòmíràn rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tèmi tẹ̀ níbì kan ju ibì kan lọ, bí ẹ̀gbẹ́ ẹyin adìẹ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀. Ó bi mí bóyá ojú bàbá mi tàbí ti ìyá mi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Ẹ ti kú, mo ṣì ń bá yín fi pamọ́.

Mo lo awò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣe mí lóore, àmọ́ ó nípọn bí ìdí ìgò. Gbogbo nǹkan ló ń kéré lójú mi, tó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ayé sẹ́yìn díẹ̀. Bí mo bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú títì á wọ́ bí aṣọ tí wọ́n fà létí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa bọ́ọ̀sì, ara dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ti ń yọ mí lẹ́nu jù, torí ó máa ń bọ́ sí ibi tí awò mi parí sí. Òógùn á mú un yọ̀ wá sórí imú. Òjò á sì rọ̀ sí i nígbà tí mo bá sọ̀kalẹ̀ láti gbé ọmọ.

Dókítà yẹn kan náà ló sọ fún mi nípa léǹsì. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó rọ̀ bí awọ inú ẹyin, orí ẹyin ojú gan-an ni wọ́n ń gbé e lé. Mo fi ìka gbé e sójú. Nígbà tó wọlé tán, mo wo ọwọ́ ara mi, mo rí i pé ọwọ́ mi tóbi! Kò sí etí awò, kò sí ibi tó ń wọ́. Ibi tí mo bá yíjú sí, ìríran mi ń bá mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde sójú títì, gbogbo iná ọkọ̀ ló ní ìrù, mi ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín 3 àti 8 lára nọ́ńbà ọkọ̀. Dókítà ní ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Léǹsì tó rọ̀ báyìí máa ń dọ́gba mọ́ bí ojú ṣe rí ni, ó ti bá mi mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ tòsí, àmọ́ ojú tó tẹ̀ bí ẹyin adìẹ ṣì tẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

A gbìyànjú èyí tó le. Ìyẹn kò bá ojú tẹ̀, omi ojú ló ń kún àlàfo abẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ iwájú ojú di roboto. Mi ò tíì ríran bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, Dádì. Mo ka orúkọ tí wọ́n kọ sí iwájú ọkọ̀ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì dúró síbẹ̀, mò ń sunkún. Àmọ́ eruku Mile 12 lẹ mọ̀ yẹn. Bó bá wọ abẹ́ rẹ̀, bí ẹni fi ata bọ ojú ni. Ìgbà kan tí mo wa ọkọ̀ dé ibẹ̀, mo páàkì lójijì, omi ń bọ́ lójú mi, àwọn ọmọ sì ń bi mí pé, "Aunty, ta ló nà yín?"

Èyí tó rọ̀, tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú tó tẹ̀, ni mo wá ń lò. Wọ́n mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo díẹ̀ kó lè dúró lóòró. Bó bá dúró bó ṣe yẹ, gbogbo nǹkan mọ́ gaara. Bí ojú mi bá gbẹ tàbí tí mo bá ń ṣẹ́jú jù, ó máa ń yí, ọmọ kan á di méjì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó tó padà sí àyè rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dúró kó jókòó kí n tó gbéra. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lò ó, ọmọ kankan ò fara pa lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Lọ́dún yìí, odò kún wọ àdúgbò wa. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé báyìí, lọ́nà Owódé Onírin, èmi àti ọmọ mi Ìfẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Omi dé orúnkún wa nínú yàrá. A kó ibùsùn lé orí bẹ́ǹṣì, ìgò oògùn tí mo fi ń fọ léǹsì sì bá omi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé omi kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án, ì báà jẹ́ omi tí à ń mu. Awò mi wà nínú báàgì mi. Mo lè wọ̀ ọ́. Mi ò wọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ayé tún kéré lójú mi, ẹ gbọ́ mi yé?

Ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní eruku ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń gún mi bí abẹ́rẹ́, Ìfẹ́ sì fi ìró bo orí mi kó tó fà mí lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà wò ó títí. Ó bi mí pé, "Omi wo ni ẹ fi fọ léǹsì?" Nígbà tí mo dáhùn, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní kòkòrò kan máa ń wà nínú omi, ojú lásán ò lè rí i, ó ti bọ́ sábẹ́ léǹsì, ó sì ti ń jẹ awọ dídán tó bo dúdú ojú mi. Wọ́n ń kán oògùn sí i ní wákàtí wákàtí. Ó ń ta mí bí iná. Ìfẹ́ ló ń kán an fún mi nílé, á ní, "Mọ́mì, ẹ má mi, ẹ má mi." Ó gba oṣù mẹ́ta. Kòkòrò kú. Ojú náà kú pẹ̀lú. Àpá funfun bò ó, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ọwọ́ nìkan ni mo ń rí níbẹ̀. Pẹ̀lú awò, ojú òsì ń ríran díẹ̀.

Ilé ìwé ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ìyá tó ni ilé ìwé ní kí n lọ yẹ ojú wò kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dé ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn fún mi ní ọjọ́ kan ṣáájú, mo ní mo wá bèèrè àkókò, mo sì fi fóònù ya pátákó ara ògiri. Mi ò ronú kàn yín nígbà tí mò ń ṣe é. Ọwọ́ mi ló mọ ohun tó ń ṣe.

Ní ọjọ́ náà, mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń há a sórí. Ìfẹ́ dé láti ilé ìwé, ó wo fóònù, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi tìdùnnú tìdùnnú.

"Ẹ má wò ó. Ẹ sọ ọ́ lórí. Lẹ́yìn T ńkọ́?"

Mo ní, "O."

"Lẹ́yìn O?"

"Z."

"Mọ́mì, ẹ gbà á! Ìlà tó kàn."

Ó pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú rẹ̀ níwọ̀nba tí mo lè rí. Ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń ran ìyá òun lọ́wọ́. Òun nìkan ni yóò mọ̀, lọ́jọ́ tí mo bá tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa. Títí ayé rẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á. Ó bi mí ohun tí òun ṣe. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo tún un sọ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Dádì, kí ló dé tí ẹ ò wo ojú mi lọ́jọ́ yẹn ní bàrándà? Mi ò fi bú yín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì bo ojú òsì mi, ó ní kí n ka ìlà kẹta. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi.

Mo ní, "Mi ò rí i."

"Èyí tó tóbi jù lókè ńkọ́, madam?"

"Mi ò rí pátákó gan-an."

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún ìyá ilé ìwé fúnra mi. Wọ́n ní kò burú, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn máa pè mí bí iṣẹ́ mìíràn bá wà. Wọn ò tíì pè. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ tí bọ́ọ̀sì náà ń fọn fèrè lórí títì. Ẹlòmíràn ló ń fọn ọ́n, kì í fọn ọ́n dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Mọ́mì. Mo lọ bá wọn ní Kétu, wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọ́fíìsì dé orí gúgúrú. Wọn ò dá mi dúró. Wọ́n ń ṣa ìrẹsì lọ.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ́ ọ ní lẹ́tà?"

"Ẹ̀n, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó bo ojú Dádì. Mọ́mì Ìkòsì ò ṣépè fún wọn. Ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

Mọ́mì gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀. "Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ fún un pé ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀? Pé mo lé e kúrò níbi òkú àbúrò rẹ̀ lásán?"

Mo na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n ní, "Dìde nílé mi. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ mọ́."

Láti ìgbà náà ni wọn ò gbé ìpè mi. Mo ti lọ kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń gbọ́ rédíò wọn nínú ilé.

Mo dá lọ sí Ìkòsì. Ẹ̀gbọ́n yín ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn àgbà nínú ẹ̀sítéètì. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó. Mo jẹ́wọ́. Mo ń dúró kí wọ́n gbá mi létí.

Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ wọn yé. Wọ́n tún bi mí. Ọdún méjìlélógún, wọn ò mọ aṣọ tí wọ́n fi sin àbúrò wọn. Mo ní aṣọ òkè àwọ̀ búlúù tí ẹ fi gbéyàwó ni, àti fìlà rẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Búlúù yẹn yẹ ẹ́." Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo mú wọn wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ ti mọ̀, ẹ gbọ́ ohùn wọn. A wá sàréè yín títí, torí koríko ti bò ó, lẹ́tà ara òkúta sì ti ń parẹ́. Èmi ń fọwọ́ bà á, ọmọ wọn ń ka àwọn tó wà nítòsí. Nígbà tí a rí yín, wọn ò jẹ́ kí a bá wọn tu koríko. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń fà á tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ ìròyìn ilé fún yín bí ẹni tó kàn rìnrìn àjò dé: ẹni tó kú, ẹni tó bí ìbejì, ilé bàbá yín tó wó lápá kan. Wọ́n sọ fún yín pé àwọn ti bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tí ẹ lọ, àwọn sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì, kò dàgbà.

Nígbà tó ṣe, wọ́n yíjú sí mi. "Ẹ lọ dúró níta. Ó ku èyí tó wà láàárín èmi àti àbúrò mi."

A lọ dúró lẹ́nu géètì. Mo rí àwọ̀ ìró wọn láàárín koríko, mo rí i pé wọ́n tẹ̀ síwájú, pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta. Ó ju wákàtí kan lọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín. Bí ẹ bá dá wọn lóhùn, mi ò gbọ́.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó sì ń bínú sí yín díẹ̀.